Igun Tí Kò Yẹ̀ Ló Ń Mú Kí Ọ̀bẹ Mú

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn láti máa fọwọ́ ara yín tún nǹkan ṣe nínú ilé, ẹ sún mọ́ rédíò yín dáadáa, nítorí ẹ̀yin gan-an ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ jù nírọ̀lẹ́ òní.

Ọ̀rọ̀ wa dá lórí ọ̀bẹ àti bí a ṣe ń pọ́n ọn. Àwọn àgbà ní bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò lè pọ́n ara rẹ̀. Àfi kí ọwọ́ èèyàn bá a ṣe é. Ẹ̀rọ kékeré kan sì wà tó ń ran ọwọ́ èèyàn lọ́wọ́ nídìí iṣẹ́ yìí. Kò lo iná mànàmáná, kò lo epo. Pákó, irin àti òkúta ìpọ́nbẹ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹ lè rà á, ẹ sì lè kàn án fúnra yín. Èyí tí ẹ bá rà pàápàá, ẹ lè tún un ṣe kó dára ju bí ẹ ṣe rà á lọ.

Ṣùgbọ́n ká tó dé orí ẹ̀rọ, ẹ jẹ́ ká bi ara wa ní ìbéèrè kan. Kí ló ń mú kí ọ̀bẹ mú, kí ló sì ń mú kó kújú?

Ẹ mú ọ̀bẹ kan tí kò mú mọ́ nínú ilé yín. Ẹ gbé e sábẹ́ gílóòbù tàbí tọ́ọ̀ṣì, kí ojú rẹ̀ tó ń gé nǹkan kọjú sókè. Ẹ tẹjú mọ́ ọn láti òkè. Kí lẹ rí? Ẹ ó rí ìlà funfun tín-ín-rín kan tó ń dán lójú ọ̀bẹ náà. Níbì kan ó gùn, níbòmíràn ó kàn dà bí àmì tó tò tẹ̀ léra. Ìlà yẹn ni ibi tí ojú ọ̀bẹ ti tẹ́. Ibi tó tẹ́ ni ìmọ́lẹ̀ ń bà lé, tó sì ń padà sójú yín. Ẹ wá wo ọ̀bẹ tó mú lọ́nà kan náà: kò sí ìlà kankan. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì irin náà ti sọ̀ gẹ̀rẹ́ wá pàdé ara wọn, kò sí àyè tí ìmọ́lẹ̀ máa dúró sí. Ẹ fi àyẹ̀wò yìí sọ́kàn o, a ó tún padà lò ó.

Nígbà náà, bí a bá ní à ń pọ́n ọ̀bẹ, kí la ń ṣe gan-an? À ń fi òkúta yọ díẹ̀díẹ̀ lára irin, ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti ní ẹ̀gbẹ́ òsì, títí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì fi máa pàdé. Ìyẹn ni gbogbo rẹ̀.

Bó bá rọrùn báyìí, kí ló dé tí ọ̀pọ̀ wa fi ń pọ́n ọ̀bẹ tí kì í mú? Ẹlòmíràn á lọ sẹ́yìnkùlé, á fi ọ̀bẹ ra sìmẹ́ńtì. Ẹlòmíràn á dojú abọ́ tánganran dé, á fi ọ̀bẹ ra ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹlòmíràn á wá fáìlì. Ọ̀bẹ á mú díẹ̀, nígbà tó bá di ọ̀la, ó tún ti kújú. Ṣé òkúta ni kò dáa ni? Rárá o. Ìsàlẹ̀ abọ́ tánganran yẹn le tó láti pọ́n irin. Ọwọ́ wa ni kò dúró sójú kan. Bí a bá ti ń ra ọ̀bẹ, ọwọ́ á gbé e sókè, ọwọ́ á tún sọ ọ́ kalẹ̀. Nígbà tó bá wálẹ̀ jù, òkúta ń jẹ ẹ̀gbẹ́ ọ̀bẹ, kò dé ojú rẹ̀. Nígbà tó bá ga jù, òkúta ń ba ojú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú jẹ́. Ohun tí a fi ọ̀tún kọ́, òsì ló ń wó o.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé nírọ̀lẹ́ òní kò ju ẹyọ kan lọ: igun tí kò yẹ̀ ló ń mú kí ọ̀bẹ mú. Igun tí mo ń wí ni àlàfo tó wà láàárín òkúta àti ẹ̀gbẹ́ ọ̀bẹ nígbà tí òkúta bá fara kan ojú ọ̀bẹ. Alágbẹ̀dẹ tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́, àti àgbà alápatà tó ń pọ́n ọ̀bẹ lárààárọ̀, ọwọ́ wọn ti mọ igun yẹn. Àwa tí ọwọ́ wa kò tíì mọ̀ ọ́n ńkọ́? Ẹ̀rọ tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ló máa bá wa di igun náà mú.

Báwo ló ṣe ń ṣe é? Ọ̀bẹ á dúró sójú kan, òkúta ni yóò máa rìn. A so òkúta mọ́ ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́, a sì ki ọ̀pá náà bọ ojú ihò kan tí kò kúrò níbi tó wà. Bí òkúta ṣe ń lọ tó ń bọ̀, ihò yẹn ló ń darí rẹ̀. Ó fẹ́, ó kọ̀, igun kan náà ni òkúta máa bá ojú ọ̀bẹ pàdé.

Ọ̀nà kan ò wọjà, àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ yìí sì ní ọ̀nà tiwọn. Ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ Lansky ń ṣe kílámpù kékeré kan tó ń di ẹ̀yìn ọ̀bẹ mú. Wọ́n lu ihò sí i lára fún igun mẹ́rin: 17, 20, 25 àti 30 dígíríì. Èyí tó bá wù yín lẹ máa ki ọ̀pá òkúta bọ̀. Ní ìpínlẹ̀ Oregon, lórílẹ̀-èdè kan náà, ẹnì kan tó ń jẹ́ Ben Dale ṣe èyí tí wọ́n ń pè ní Edge Pro. Nínú tirẹ̀, ọ̀bẹ ń dùbúlẹ̀ sórí pẹpẹ kékeré, ojú ihò sì wà lára òpó irin tí a lè gbé sókè tàbí kí a sọ̀ kalẹ̀, kí igun lè rí bí a bá ṣe fẹ́. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tó ń ti Ṣáínà wá sórí àtẹ, ọ̀kan nínú ọ̀nà méjì yìí ni wọ́n ń tọ̀.

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Igun wo ló wá yẹ ká lò? Bí igun bá ṣe kéré tó, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀bẹ á ṣe mú tó, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ náà ni ojú rẹ̀ á ṣe tẹ́ẹ́rẹ́, tí kò ní lágbára. Ọ̀bẹ Jàpáànì tí irin rẹ̀ le, tí a fi ń gé ẹ̀fọ́ àti ẹja, lè gba 15 dígíríì ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀bẹ ìdáná tó wọ́pọ̀ lọ́jà wa, irin rẹ̀ rọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fún un ní 20. Èyí tí ẹ fi ń gé ẹran tó légungun, ẹ jẹ́ kó tó 25. Àdá tó ń bá igi àti gbòǹgbò jà lóko lè gba 30. Bí ẹ bá fún ọ̀bẹ onírin rírọ̀ ní igun tó kéré jù, ojú rẹ̀ á ká kò lórí pákó ìgéfọ́ kí ọbẹ̀ tó jinná.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kan tiyín, ẹ gbọ́ o. Ẹ wá pákó tó le, tó tẹ́jú, tó gùn tó 50 sẹ̀ǹtímítà. Ní ìpẹ̀kun kan, ẹ kan búlọ́ọ̀kù igi tí ọ̀bẹ máa dùbúlẹ̀ lé, kí ojú ọ̀bẹ yọ síta díẹ̀, kó kọjú sí ẹ̀yin tí ẹ ń pọ́n ọn. Lẹ́yìn ọ̀bẹ, lápá ìpẹ̀kun kejì, ẹ gbé òpó irin nàró. Bẹ́ ẹ bá rí ọ̀pá oníṣíkúrù, òun ló dára jù, torí nọ́ọ̀tì méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, lè di ojú ihò mú níbikíbi tí ẹ bá fẹ́. Ẹ jẹ́ kí òpó yìí jìnnà sí ojú ọ̀bẹ ní 30 sẹ̀ǹtímítà.

Kí ló dé tí mo fi mú 30? Nítorí ó mú kí ìṣirò rọrùn. Bí ojú ihò bá fi sẹ̀ǹtímítà 8 ga ju ọ̀bẹ lọ, igun yín á jẹ́ nǹkan bíi 15 dígíríì. Bó bá ga tó 11, ó di 20. Bó bá ga tó 14, ó di 25. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ fún ẹni tó ń wá bírò: 8 fún 15, 11 fún 20, 14 fún 25. Sẹ̀ǹtímítà 3, dígíríì 5. Ẹ rántí pé láti orí ibi tí ọ̀bẹ dùbúlẹ̀ sí lẹ máa fi rúlà wọ̀n ọ́n, ẹ má wọ̀n ọ́n láti orí tábìlì. Bí òkúta bá sì rọ̀ sábẹ́ ọ̀pá, ẹ fi ìwọ̀n tó wà láàárín ọ̀pá àti ojú òkúta kún gíga yẹn.

Ìṣirò yìí náà ló ṣàlàyé ohun kan tó máa ń da àwọn tó ra ẹ̀rọ wọn lọ́jà láàmú. Wọ́n kọ 20 sára ihò, ẹ sì gbà pé 20 lẹ ń lò. Ṣé lóòótọ́ ni? Ó kù sọ́wọ́ ọ̀bẹ. Bí ọ̀bẹ bá fẹ̀, ojú rẹ̀ á jìnnà sí ihò, igun á sì kéré ju ohun tí wọ́n kọ lọ. Bí ọ̀bẹ kò bá fẹ̀, igun á pọ̀ jù ú lọ. Nítorí náà, nọ́ńbà ara ẹ̀rọ kàn ń tọ́ka sọ́nà ni. Ojú ọ̀bẹ fúnra rẹ̀ ló yẹ ká bi.

Báwo la ṣe ń bi ojú ọ̀bẹ? Ẹ mú máákà dúdú, irú èyí tí a fi ń kọ nǹkan sára páálí. Ẹ fi kun ojú ọ̀bẹ láti èèkù dé ṣóńṣó, kó dúdú bákan náà. Ẹ wá fi òkúta fà á lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta péré, láìtẹ̀ ẹ́. Ẹ gbé e sábẹ́ iná. Bí dúdú bá ṣẹ́ kù sí ojú gan-an, tí òkè rẹ̀ sì ti mọ́, igun yín kéré jù; ẹ gbé ojú ihò sókè. Bó bá jẹ́ ojú nìkan ló mọ́, tí dúdú wà lókè, igun ti pọ̀ jù. Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá mọ́ láti òkè dé ojú, ẹ ti bá igun tí wọ́n fi ṣe ọ̀bẹ náà pàdé. Máákà yìí kò wọ́n, bẹ́ẹ̀ ló sì ń sọ òótọ́ ju nọ́ńbà ara ẹ̀rọ lọ.

Ó kan iṣẹ́ gan-an wàyí. Ẹ kọ́kọ́ fi kílámpù di ẹ̀rọ mọ́ tábìlì kó má mì rárá, torí ẹ̀rọ tó ń mì ti sọ igun nù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òkúta tí ara rẹ̀ rí hágahàga. Lára òkúta ìpọ́nbẹ, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ kéré ló rí hágahàga, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ tóbi ló kúnná. Bíi 400 dáa fún ọ̀bẹ tó ti kújú pátápátá, 1000 ló máa tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà èyí tó tún kúnná jù bẹ́ẹ̀ lọ bí ẹ bá ní in. Ẹ wọ́n omi tàbí òróró sí òkúta, gẹ́gẹ́ bí irú rẹ̀ bá ṣe fẹ́. Ẹ máa fà á láti èèkù lọ sí ṣóńṣó, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Nígbà wo lẹ máa mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ kan ti tó? Ẹ fi orí ìka àtàńpàkò ra ẹ̀gbẹ́ kejì, láti ẹ̀yìn ọ̀bẹ síta, ẹ má fà á lọ lójú ọ̀bẹ o. Ẹ ó gbọ́ nǹkan kan tó ń há yín lọ́wọ́ níbẹ̀, kóńkó-kóńkó. Irin tó tínrín gan-an ló ká kọjá sí òdìkejì. Ẹ jẹ́ ká pè é ní ẹ̀gún irin. Ẹ̀gún yẹn ni ẹ̀rí pé òkúta ti dé ojú ọ̀bẹ. Bí kò bá sí ẹ̀gún láti èèkù dé ṣóńṣó, ẹ má tíì yí ọ̀bẹ padà. Àìfara balẹ̀ níbí yìí ló ń ba iṣẹ́ ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́. Ìgbà tí ẹ̀gún bá pé, ẹ yí ọ̀bẹ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ mú òkúta tó kúnná.

Bí ẹ ṣe ń lọ sídìí òkúta tó kúnná, ẹ máa dín agbára kù. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Níkẹyìn, ìwúwo òkúta nìkan ti tó, ẹ má fi ti ọwọ́ yín kún un. Ẹ fà á lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀tún, lẹ́ẹ̀kan ní òsì, títí ẹ̀gún irin yẹn fi máa kúrò. Ẹ wá tú ọ̀bẹ sílẹ̀, ẹ fi ra awọ bẹ́líìtì àtijọ́, kí ẹ̀yìn ọ̀bẹ máa ṣáájú, kí ojú rẹ̀ máa tẹ̀ lé e, kó má baà gé awọ. Ẹ tún gbé e sábẹ́ iná bí a ṣe ṣe níbẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá rí àmì funfun níbì kan, ibẹ̀ kò tíì mú. Ẹ padà síbẹ̀.

Àtúnṣe ńkọ́? Mo ti sọ pé ẹ lè mú kí ẹ̀rọ yín dára sí i. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, ẹ má gbìyànjú láti ṣe gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Ojú ihò ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ di ọ̀pá mú, ẹ mì í sókè-sódò. Ṣé ó ń ṣe gbọ̀jẹ̀gbọ̀jẹ̀ nínú ihò? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, igun yín ń yẹ̀ nígbà gbogbo tí òkúta bá lọ tó bọ̀. Àwọn tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ máa ń ní irin olórí bọ́ọ̀lù kan tó ní ihò láàárín, tó sì ń yí síbi gbogbo láìmì. Ẹ mú ọ̀pá yín dání lọ sọ́dọ̀ wọn, kí ẹ wá èyí tí ihò rẹ̀ bá a mu rẹ́gí.

Lẹ́yìn ihò, ẹ yẹ ìnípọn òkúta wò. Bí òkúta kejì bá nípọn ju ti àkọ́kọ́ lọ, igun á dín kù, ẹ ó sì máa rò pé ohun kan náà lẹ ń ṣe. Ìyàtọ̀ mìlímítà 3 lè yí igun ní nǹkan bí ìdajì dígíríì. Ó tó láti mú kí òkúta tó kúnná má dé ojú ọ̀bẹ rárá. Kí ni ọ̀nà àbáyọ? Ẹ lẹ páálí líle tàbí pákó pẹlẹbẹ mọ́ ẹ̀yìn èyí tó fẹ́lẹ́, kí gbogbo wọn nípọn bákan náà. Bẹ́ ẹ bá ní ọ̀pá oníṣíkúrù, nọ́ọ̀tì lẹ máa yí. Lára ọ̀pá mìlímítà 8 tó wọ́pọ̀, ẹ̀ẹ̀kan tí nọ́ọ̀tì bá yípo, ó fi ju mìlímítà kan lọ díẹ̀ gòkè.

Ẹ tún wo ojú òkúta fúnra rẹ̀. Òkúta tí a ti ń lò fún ìgbà pípẹ́ máa ń jẹ wọnú láàárín. Òkúta tó jẹ wọnú kò lè di igun mú. Ẹ tẹ́ sáńpépà olómi sórí dígí tó nípọn, ẹ fi bírò fa ìlà sójú òkúta, ẹ wá fi ra sáńpépà náà títí gbogbo ìlà fi máa parẹ́. Òkúta á padà tẹ́jú.

Ibi tó tẹ̀ lọ sí ṣóńṣó tún wà. Níbi tí ojú ọ̀bẹ bá ti tọ́ tààrà, igun kì í yẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi tó bá ti tẹ̀, ó lè yí. Bí ẹ bá di ọ̀bẹ mú súnmọ́ èèkù jù, igun á kéré ní ṣóńṣó. Bí ẹ bá dì í mú súnmọ́ ṣóńṣó jù, igun ibẹ̀ á pọ̀. Ẹ fi máákà wádìí ní ṣóńṣó àti ní ìdí èèkù, kí ẹ máa sún ọ̀bẹ títí ibi méjèèjì fi máa mọ́ bákan náà. Ẹ wá lẹ téèpù sára ọ̀bẹ níbi tí kílámpù ti dì í mú, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé. Nígbà mìíràn tí ẹ bá fẹ́ pọ́n ọ̀bẹ náà, ibẹ̀ gan-an lẹ máa dá a padà sí, iṣẹ́ tó gba odidi ìrọ̀lẹ́ á wá di iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí ọ̀bẹ bá ń yọ̀ lórí búlọ́ọ̀kù igi, òòfà inú sípíkà tó ti bàjẹ́ lè dì í mú, bí irin rẹ̀ bá jẹ́ irú tí òòfà ń fà.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ọ̀rọ̀ ààbò ṣeré. Ojú ọ̀bẹ kọjú sí yín, ọwọ́ yín sì wà níwájú rẹ̀. Ẹ so òrùka irin mọ́ ọ̀pá, níwájú ojú ihò, kó máa dá òkúta dúró, kí ọwọ́ yín má baà yọ̀ lọ bá ojú ọ̀bẹ. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn. Ẹ lé àwọn ọmọdé jìnnà. Ẹ nu lúbúlúbú irin kúrò kí ẹ tó fọ ọ̀bẹ, kó má bọ́ sínú oúnjẹ. Ọ̀bẹ búrẹ́dì eléyín, ẹ yà á sọ́tọ̀; ẹ̀rọ yìí kò wà fún un.

Ẹnì kan lè bi mí pé, ṣé ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ tó gbogbo wàhálà yìí? Ó tó o. Ọ̀bẹ tí kò mú ni à ń fagbára tẹ̀, èyí tí a bá sì fagbára tẹ̀ ló ń yọ̀ kúrò lórí àlùbọ́sà bọ́ sórí ìka. Owó tí à ń fi ra ọ̀bẹ tuntun lọ́dọọdún, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni ìbá wà nílé, torí ọ̀bẹ tí a jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kò bàjẹ́, ó kàn ń wá ẹni tó máa pọ́n ọn dáadáa ni.

Ẹ jẹ́ ká kó ọ̀rọ̀ wa jọ. Igun tí kò yẹ̀ ló ń mú kí ọ̀bẹ mú. Ẹ yan igun tó bá irin àti iṣẹ́ ọ̀bẹ mu. Ẹ fi máákà wádìí rẹ̀. Ẹ má yí ọ̀bẹ padà títí ẹ̀gún irin á fi yọ láti èèkù dé ṣóńṣó. Ẹ wo ojú ihò, ìnípọn òkúta àti bí ojú òkúta ṣe tẹ́jú. Bí ẹ kò bá tíì ní ẹ̀rọ kankan, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú máákà àti òkúta tó wà nílé lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ fojú ara yín rí bí ọwọ́ ṣe ń yẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ó mọ ìdí tí pákó àti ọ̀pá irin fi yẹ ní ohun tí à ń ná owó díẹ̀ lé lórí.

Ọ̀bẹ kò ní gé wa lọ́wọ́, iṣẹ́ ọwọ́ wa kò sì ní bàjẹ́.